Ìwé Tí Ọ̀rẹ́ Kò Là

Bàbá Rọra yí ọwọ́ ọmọbìnrin kan síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní kí ó padà lọ fọ̀ ọ́. Ìgbà kejì nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá yìí ni olùtọ́jú yàrá ìwé Faransé ní ilé ìkàwé yunifásítì, kò sì sí ẹni tó tún ń pè é ní orúkọ rẹ̀ mọ́, nítorí pé "rọra" ló máa ń sọ kó tó sọ ohun mìíràn. Rọra ṣílẹ̀kùn. Rọra jókòó. Wọ́n ní bí ilé bá ń jó, bàbá á ní kí wọ́n rọra sá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin náà, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ìwé girama. Kò sí ẹni tó gbọ́ Faransé tó o níléèwé wọn, ìdí nìyẹn tí tíṣà rẹ̀ fi bá a tọrọ ààyè ọ̀sẹ̀ kan nínú yàrá náà, kó lè kọ àròkọ ìdíje kan. Ẹni tó bá gbégbá orókè, yunifásítì yóò gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ télọ̀ ni màmá rẹ̀ ń ṣe, àbúrò mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò rí ọ̀nà mìíràn.

Ó ti rò pé ìwé tí wọ́n tò sórí pẹpẹ lásán lòun máa bá. Àpótí ló bá, àpótí páálí aláwọ̀ eérú, láti ilẹ̀ dé àjà. Bàbá gbé ọ̀kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tẹ́ tìmùtìmù sórí tábìlì, ó sì gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ lé e bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun. Ìwé ìtàn kan ni, èyí tí òǹkọ̀wé ará Faransé kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ó fagi lé e, ó tún un kọ, ó tún fagi lé e. Ọmọbìnrin náà kà á, ó jẹ́ ìgbà mọ́kànlá. Ẹnu yà á. Òun tó jẹ́ pé bí tíṣà bá fa ìlà pupa kan ṣoṣo sínú iṣẹ́ òun, òun á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Bàbá, ṣé irú wọn náà máa ń ṣì í ni?"

"Ibi tó ti ṣì í làwọn ọ̀mọ̀wé ń wá wò," ni bàbá dáhùn. "Èyí tó dára, gbogbo ayé ti rà á."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ń yà á lójoojúmọ́. Ó rí lẹ́tà tí akéwì kan kọ sẹ́yìn rìsíìtì, ó rí ìwé eré orí ìtàgé tí òṣèré kan ti da kọfí sí. Nígbà mìíràn kì í kàwé rárá, á kàn jókòó, á máa wo àpótí, inú rẹ̀ á máa dùn, ẹ̀rù á sì máa bà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó béèrè fún ìwé ìtàn náà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ẹnì kan ti yá ẹ̀dà tó wà nísàlẹ̀ lọ. Èyí tí bàbá gbé fún un ni ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé, "Sí ọ̀rẹ́ mi, tí mo torí rẹ̀ kọ ọ́." Ọmọbìnrin náà kà á dé ojú ìwé kejìdínláàádọ́ta. Láti ibẹ̀ lọ, etí àwọn ewé tó kù so pọ̀ láìgé. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ra ìwé ní ń fi ọ̀bẹ là á bó ṣe ń kà á lọ. Kò mọ̀. Ó rò pé ẹ̀rọ ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bàbá ti sọ fún un pé bí ohunkóhun bá ṣòro, kó pe òun. Ṣùgbọ́n bàbá ti lọ jẹun, ó sì fi yàrá sílẹ̀ fún un, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gba àròkọ. Bí bàbá bá dé tó ní rárá ńkọ́? Ta ni yóò sọ ìparí ìtàn fún un? Ó fa rúlà rẹ̀ yọ, ó sì là á láti ibẹ̀ dé òpin. Ìparí náà dùn débi pé ó gbàgbé pé òun ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan dé láti ọ̀nà jíjìn, ìwé yẹn gan-an ló sì béèrè fún. Bí bàbá ṣe ń lọ gbé e, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọbìnrin náà. Ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé yìí kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun ka ìwé náà tán pátápátá, kò sì wúlò. Òǹkọ̀wé náà kò kọ ìwé mìíràn mọ́ títí ó fi kú. Ó ń sọ ọ́ ṣáá pé ọ̀rẹ́ òun kò kà á, ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni obìnrin yìí ti ń wá ẹ̀rí. Bí ewé ìwé náà bá ṣì wà láìlà, a jẹ́ pé òótọ́ ni olóògbé sọ.

Obìnrin náà ṣí ìwé, ó ń ṣí i lọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ náà là á dé òpin," ló wí. "Ẹ wo bí etí rẹ̀ ṣe rí jágajàga. Ìkánjú ló fi là á. Ó kà á lóòótọ́, Bàbá. Òǹkọ̀wé yìí ló parọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ.

Ẹnikẹ́ni kò rí ọmọbìnrin náà lánàá. Bó bá dákẹ́, yóò fi àròkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè. Ṣùgbọ́n òkú kò lè dìde wá jẹ́rìí ara rẹ̀, irọ́ tí òun fi rúlà pa ni wọ́n máa kọ mọ́ ọn títí láé. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo là á. Àná ni. Ojú ìwé méjìdínláàádọ́ta péré ló ti là tẹ́lẹ̀."

Obìnrin náà padà jókòó, ojú rẹ̀ kún fún omi. Bàbá kò sọ "rọra" lọ́jọ́ yẹn. Ó bi ọmọbìnrin náà bóyá ó mọ ohun tí òfin yàrá náà wí nípa ẹni tó bá ba ìwé jẹ́, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Kò ní wọ yàrá náà fún ọdún kan, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Nígbà tí màmá rẹ̀ gbọ́, kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ó ní òun á bínú sí ọwọ́ tó là á títí di ọ̀la, àmọ́ òun kò bá ẹnu tó jẹ́wọ́ jà.

Ṣùgbọ́n kó tó kúrò ní yàrá náà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, bàbá ní kó jókòó, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tó là á, ohun tó fi là á, ojú ìwé tí ọ̀rẹ́ náà là dé, kó sì buwọ́ lù ú. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú omijé. Bàbá fún bébà náà ní nọ́ńbà, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, ó sì pa á dé. Ọmọbìnrin náà ń wò ó. Ìkọ̀wé tirẹ̀ ti wà níbẹ̀, nínú yàrá yìí.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òun fi ipá mú tirẹ̀, ó sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra fún ìkánjú. Bí ọwọ́ yín bá sì ti ṣì í, ẹ má fi irọ́ bò ó, torí ìyà rẹ̀ lè má mọ sí orí yín nìkan. Títí dòní, ẹni tó bá ṣí àpótí yẹn yóò kọ́kọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọbìnrin kan, lẹ́yìn náà ni yóò wá mọ̀ pé òótọ́ ni òkú náà sọ.