Ọpọlọ Ọkọ̀ Tí Kò Gbàgbé

Kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú bọ́ọ̀sì náà, síbẹ̀ wáípà rẹ̀ ń gbo gíláàsì gbígbẹ. Iná iwájú ń tàn, ó ń kú. Àwọn ilẹ̀kùn ti ara wọn pa gbàmù, wọ́n tún ṣí, wọ́n tún pa.

"Ẹ wò ó fúnra yín," ni mẹ́tíróònì ilé-ìwòsàn kékeré tó ni ọkọ̀ náà wí. "Ọjọ́ kẹta nìyí tí wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀. Ṣé ọpọlọ tuntun ló ń ṣe báyìí?"

Ọkùnrin tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ń wo wáípà náà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ṣùgbọ́n Ṣèwádìí ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Bọ́ọ̀sì yìí ló ń gbé aláìsàn kíndìnrín mẹ́fà lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nínú wọn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àbúrò yìí nìkan ló kù tó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Wọ́n ti pàdánù ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ méjì báyìí. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ti wú. Dókítà sì ti sọ pé kò gbọdọ̀ pàdánù ti ọ̀la.

"Ríwáyà ló jí tuntun," ni mẹ́tíróònì wí. "Ó jí i, ó fi àlòkù sípò rẹ̀. Bí aago márùn-ún bá lù, màá pe ọlọ́pàá."

"Bí ẹ bá pè wọ́n, wọ́n á wọ́ bọ́ọ̀sì lọ sí àgọ́ wọn bí ẹ̀rí. Ó lè pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀."

"Kí wá ni kí n ṣe? Tuntun mìíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá fún wa!"

Aago méjì kọjá díẹ̀. Páànù orí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe náà ń hó fún ooru. Ṣèwádìí fa àga oníke kan, ó jókòó, ẹsẹ̀ àga kan tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó sì ta á nípàá.

"Ẹ pe ríwáyà fún mi."

Ríwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, jáde pẹ̀lú ojú tó pọ́n. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Bàbá, mi ò jí nǹkan kan."

"Mi ò tíì bi ọ́. Sọ bí o ṣe ṣe é fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Mo tú orí bátìrì. Mo yọ ọpọlọ àtijọ́." Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n: àpótí dúdú kan ni, kò ju Bíbélì kékeré lọ, òun ló sì ń pàṣẹ fún iná, wáípà, ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. "Mo ṣí páálí ti tuntun. Mo gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì, mo wo nọ́ńbà ara wọn. Wọ́n bára mu. Mo wá fín oògùn sí ẹnu àwọn wáyà kí ìpẹtà lè kúrò. Oògùn yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó fi nǹkan kan bọ̀ ọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Níbo lo wà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà?"

"Ìta, lórí fóònù. Mẹ́tíróònì ló ń pè. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n pè mí lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ!"

"Ṣé kí n má pè ni?" ni mẹ́tíróònì pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ìyá," ni Ṣèwádìí wí. "Nígbà tí o fi tuntun wọlé, kí ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ sọ?"

Ríwáyà wo ilẹ̀. "Ó ní nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ti wà nínú rẹ̀. Tuntun kì í ní in, èmi ni ó yẹ kí n kọ ọ́ sí i. Mo rò pé ẹni tó tà á ló ti bá wa kọ ọ́. Wọ́n ń pè mí, mo ń kánjú."

"O rò!" Ṣèwádìí fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ọmọ mi, o rò!"

Ṣèwádìí lọ sí ìyàrá kékeré tí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sítọ́ọ̀ ti ń tọ́jú irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ wà létòlétò: gbogbo àpótí tó wà níbẹ̀ ló ní ìwé àlẹ̀mọ́, gbogbo ìwé náà sì gún bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìyá náà àti ríwáyà kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti oṣù tó kọjá, nígbà tí ríwáyà sọ wáyà rẹ̀ kan nù.

"Wọ́n ní ẹ bínú sí i," ni Ṣèwádìí wí.

"Mo bínú sí i. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ jalè, ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí mi ò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí ni màá jí? Táyà ni màá jí. Ó kéré tán, màá rí nǹkan fi jókòó, torí àga ibí yìí ò ṣeé jókòó lé."

Ṣèwádìí fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí ẹ̀rín náà. "Ṣé ẹ fún ẹni tó tà á ní nọ́ńbà bọ́ọ̀sì?"

"Rárá o. Irú ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan la sọ. Kò mọ bọ́ọ̀sì wa rí."

"Ta ló wà lẹ́bàá tábìlì nígbà tí oògùn ń gbẹ?"

"Inú ibí ni mo wà, mo ń ṣa nọ́ọ̀tì. Ríwáyà wà níta, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń bẹ mẹ́tíróònì bí ẹni bẹ àna. Awakọ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì. Àwa mẹ́ta péré ni."

Fóònù Ṣèwádìí dún. Àbúrò rẹ̀ ni. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti tún un ṣe?" Ohùn rẹ̀ kò lágbára. Ṣèwádìí sọ fún un pé wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Ó pa fóònù, ó sì gba ọ̀nà géètì lọ.

Awakọ̀ jókòó sórí pákó lẹ́nu géètì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wa bọ́ọ̀sì fún ilé-ìwòsàn kékeré ti mẹ́tíróònì, kò sì họ ọkọ̀ kankan lára rí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Jẹ́jẹ́. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣèwádìí dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ṣèwádìí."

"Háà! Oòrùn ló wọ̀ mí lójú. Ẹ káàsán o. Àbúrò yín ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ kò yá. Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí oògùn ń gbẹ?"

"Ìwé ìròyìn ni mò ń kà. Òṣèlú ló kún inú rẹ̀. Ṣé ó tún ní ohun mìíràn nínú?"

Ṣèwádìí fa ìwé kan yọ lápò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé nọ́ńbà ara àpótí tuntun náà nìyí?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbé ìwé náà jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́. "Òun náà ni. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ṣèwádìí gba ìwé rẹ̀ padà. Ó padà sínú ilé-iṣẹ́, ó ní kí ríwáyà yọ ọpọlọ náà jáde. Sùúrù tán nínú ọ̀kan lára àwọn ìdè rẹ̀, ó kán. Ríwáyà bú ìdè, ó bú ara rẹ̀, ó bú ọjọ́ tó kọ́ṣẹ́.

Ṣèwádìí gbóòórùn àpótí náà. Òórùn oògùn wà lára rẹ̀.

"Ṣé o fín oògùn sí tuntun?"

"Rárá. Kí ni mo fẹ́ fín sí i?"

"Ìwé àlẹ̀mọ́ rẹ̀ ńkọ́? Wò ó."

Ríwáyà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ó... ó dorí kodò. Bàbá, ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí mò ń fi í sí i, orí mi wà lọ́dọ̀ bíréèkì. Láti ibẹ̀, ó dúró dáadáa lójú mi."

"Níbo ni àtijọ́ wà?"

"A ti sọ ọ́ sínú dírọ́ọ̀mù pàǹtí."

Àwọn méjèèjì dojú dírọ́ọ̀mù dé. Abẹ́ páìpù tó ti dípẹtà ni wọ́n ti rí i. Ìwé àlẹ̀mọ́ àtijọ́ tó ti ṣá ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ríwáyà nu ẹnu rẹ̀, irin inú rẹ̀ ń dán bí abẹ́rẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

"Tuntun nìyí," ni ríwáyà wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á nù."

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni gbogbo wọn péjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì.

"Ẹnì kankan kò jí nǹkan," ni Ṣèwádìí wí. "Ẹnì kan bó ìwé ara àwọn àpótí méjèèjì, ó fi ti ọ̀kan lẹ èkejì. Ó fi oògùn ríwáyà nu ti àtijọ́ kó lè mọ́, ó sì fi í sínú páálí. Kò mọ̀ pé ọpọlọ ọkọ̀ kì í gbàgbé nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Ríwáyà ìbá mọ̀. Èkejì, ó lẹ ìwé dorí kodò. Ẹ wo sítọ́ọ̀ ìyá yìí kí ẹ sọ fún mi bóyá òun ló lè lẹ ìwé báyìí."

"Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí n kú," ni Ìyá Sítọ́ọ̀ wí.

"Ó ku ẹnì kan." Ṣèwádìí yíjú sí awakọ̀. "Bàbá, ẹ ò rí mi nígbà tí mo dúró níwájú yín, oòrùn sì wà lẹ́yìn yín. Ìwé tí mo fún yín, káàdì ilé-ìwòsàn àbúrò mi ni. Kò sí nọ́ńbà àpótí kankan lára rẹ̀."

Bàbá Jẹ́jẹ́ kò sá, kò jiyàn. Ó wá ibi ìdúró, ó fara ti bọ́ọ̀sì.

"Ìkùukùu ló bo ojú mi," ló wí. "Láti ọdún tó kọjá. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé gíláàsì ló dọ̀tí. Mò ń nù ún, mò ń nù ún. Ní oṣù yìí, obìnrin kan pọnmọ sọdá níwájú mi, igbe rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí iná bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, mo dúpẹ́. Ẹ gbọ́ o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra tuntun dé. Ìka mi ni mo fi wá etí ìwé yẹn. Ìka mi ṣì ríran."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" Ohùn mẹ́tíróònì ti rẹlẹ̀.

"Kí n sọ pé kí ni? Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Bí mi ò bá wakọ̀ mọ́, kí ni wọ́n á máa pè mí? Mo rò pé ẹ ó háyà ọkọ̀ mìíràn fún wọn, pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀."

"A ò rí ọkọ̀ mìíràn, Bàbá. Ilé ni wọ́n jókòó sí láti ọjọ́ yẹn."

Àgbàlagbà náà gbọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ríwáyà, dárí jì mí. Díẹ̀ ló kù kí n ba orúkọ rẹ jẹ́."

Ríwáyà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú ń bí i, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú rẹ̀. Ó gbé àpótí tuntun, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ní òfìfo ni. Ó kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáípà dúró. Iná kú, ó sì dúró ní kíkú títí ó fi tàn án. Nígbà tí ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣèwádìí pe àbúrò rẹ̀.

"Múra dè mí. Aago mẹ́fà òwúrọ̀."

"Ṣé Bàbá Jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀?"

"Èmi ni màá wà á lọ́la."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń sáré."

"Mi ò ní sáré."

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè láti ibi tó fara tì. "Ẹ sọ fún un pé kó jókòó sápá ọ̀tún," ló wí. "Oòrùn òwúrọ̀ máa ń bọ́ sápá òsì títí ẹ ó fi dé afárá. Aláìsàn tó máa ń bì, ẹ jẹ́ kó wà níwájú. Ẹ má ṣe yára ní kọ́nà kejì."

Ṣèwádìí wá ìwé lápò. Káàdì àbúrò rẹ̀ nìkan ló rí, ó yí i padà.

"Ẹ tún un sọ, Bàbá," ló wí. "Jẹ́jẹ́. Mò ń kọ ọ́."