Ẹ Mì Í Sọ́tùn-ún, Ẹ Mì Í Sósì

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o: ẹsẹ̀ méjì àti ohùn kan ni mo kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́. Ojú ọkùnrin tó ni wọ́n, ẹ̀yìn ló dé.

Aránṣọ ni mí. Ọkọ̀ àtijọ́ kan tí Bàámi fún mi, tó dàgbà jù mí lọ, ni mo fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ní kí n yà sọ́tùn-ún báyìí, sitiárìn gbéra lọ́wọ́ mi. Ó lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Mo rọra wa ọkọ̀ náà dé ọgbà àwọn mẹkáníìkì, mo ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà bí ẹni ń bẹ àna.

Ọkùnrin kan jáde sí mi lábẹ́ páànù, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó la ẹnu.

"Ẹ k... ẹ k-k-k..."

Mo dúró. Ó pa ẹnu dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Mo sọ nínú ara mi pé kò burú, bí kò tiẹ̀ lè kí èèyàn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni ká wò.

Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ́ orí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù títí ó fi ku ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan níta. Ìgbà yẹn ni ohùn kan jáde.

"Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé, Àǹtí. Ẹ di sitiárìn mú. Ẹ mì í sọ́tùn-ún. Ẹ mì í sósì. Ẹ gbé e sókè díẹ̀... Ó tó, ẹ ṣeun, ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Ohùn náà tutù, ó ń lọ geere, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Mo wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló wà nínú ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Bí ojú ò bá ti sí lára mi, ọ̀rọ̀ kì í há mi lọ́fun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n fi nǹkan hàn yín."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Háà! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wa ọkọ̀ yẹn, mi ò mọ̀ pé ayé kan wà lábẹ́ ibẹ̀: wáyà oríṣiríṣi àwọ̀, eruku àtọdúnmọ́dún, àti òpó irin kan tó gbéra níbi ọwọ́ mi tó sì ń lọ títí síbi táyà.

"Bóòtù mẹ́rin ló di òpó yìí mọ́ ara ọkọ̀," ló wí. "Mẹ́ta ti dẹ̀. Ọ̀kan tó kù yìí ló gbé yín débí."

Kò ju àtàǹpàkò mi lọ.

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan ṣoṣo. Ẹ kí i kú iṣẹ́."

Mo sì kí i lóòótọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣé, Ọlọ́run á san án fún yín." Ó bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀, ẹ̀rín tó ń mi ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, ọkàn mi sì yọ́.

Nígbà tó fún wọn le tán, ó ní ṣé mo ní ṣọ́ọ̀kì. Irú aránṣọ wo ni kò ní ṣọ́ọ̀kì? Mo yọ èyí tí mo fi ń sàmì sáṣọ fún un. Ó fa ìlà láti orí bóòtù kọ̀ọ̀kan bọ́ sára irin tó jókòó lé.

"Bí bóòtù bá yí, ìlà á yà," ó ní. "Bí ìlà bá ṣì wà tààrà, kí ẹ fọkàn balẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ mi ti di aláìsàn. Lónìí ó ń dún, lọ́la ó ń rùn. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, ṣùgbọ́n á ṣáà wọ abẹ́ ẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ bí wọ́n ṣe ń sín in jẹ nílé ìwé, títí tó fi pinnu pé òun á máa bá irin sọ̀rọ̀. Tó bá jáde, ọ̀rọ̀ á tún há, èmi náà á sì dúró. Mi ò gbà á lẹ́nu ẹ̀ sọ rí.

Lọ́jọ́ kan ni ohùn yẹn sọ lábẹ́ ibẹ̀ pé, "Olólùfẹ́ mi, ṣé o máa fẹ́ mi?" Omijé ò jẹ́ kí n lè fọhùn. Fèrè ọkọ̀ ni mo tẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo mẹkáníìkì yíjú wò wá.

Ó wá ku Bàámi.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàámi fi wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Kò dúró de ẹnikẹ́ni rí. Tó bá ń jẹun, ẹ ó rò pé wọ́n ń lé e bọ̀ ni. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ jókòó níwájú ẹ̀ ní pálọ̀, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo mọ̀ pé wàhálà ti dé.

"Bàbá, mo f-f-f..."

"O fẹ́ omi?"

Jẹ́jẹ́ mi orí. "Mo f-fẹ́... f-f..."

"O fẹ́ máa lọ? Ilẹ̀kùn nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́," Màámi ní. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Ìgbà wo? Ọdún tó ń bọ̀?" Bàámi kọjú sí mi. Inú ò bí i. Ẹ̀rù ló wà lójú ẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Ọmọ mi, mo ti gbé àwọn tó kú nítorí ìṣẹ́jú kan péré. Bí ọkọ̀ tí bíréèkì ẹ̀ ti já bá ń bọ̀ wá kọlù ẹ́, kí ọkùnrin yìí tó pariwo pé 'sá', ó ti parí. Mi ò lè fi ẹ́ lé e lọ́wọ́. Mi ò gbà."

"Bàámi, ẹ ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ ti lọ gbọ́ ọ."

Ó ní kí n yé sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Jẹ́jẹ́ dìde, ó tẹrí ba, ó lọ.

Oṣù méjì ni mi ò fi kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mi ò lè fẹ́ ẹ kí bàbá mi má fọwọ́ sí i, mi ò sì lè fẹ́ ẹlòmíì. Bàámi á wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, á gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dá sọ̀rọ̀, á tún padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

"Má wa ọkọ̀ yẹn lónìí. Sitiárìn ti tún ń mì. Pe ọkùnrin ẹ wá."

Jẹ́jẹ́ dé. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, Bàámi sì jókòó síbi tí èmi jókòó sí lọ́jọ́sí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ di sitiárìn mú, Bàbá. Ẹ mì í sọ́tùn-ún."

Bàámi ò mì í. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀.

"Bàbá? Ẹ mì í sọ́tùn-ún. Ẹ mì í sósì. Ẹ ṣeun, sà." Ó tan tọ́ọ̀ṣì. "Bàbá, àwọn bóòtù yìí kọ́ ló tú ara wọn. Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yà, ìwọ̀n kan náà. Ẹnì kan ló fi sípánà tú wọn."

Mo fẹ́ búra pé èmi kọ́. Bàámi gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

"Èmi ni," ó wí.

"Kí ló dé, sà?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ mi gbọ́."

Mo gbọ́ tí sípánà bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ohùn náà jáde, kò wárìrì.

"Bàbá, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín. Ẹ ní kí n tó pariwo pé 'sá', ó ti parí. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní pariwo, sà. Màá ti gbé e kúrò lójú ọ̀nà kí n tó la ẹnu. Ọwọ́ mi kì í kólòlò."

Bàámi wo sitiárìn, ó wò mí, ó tún wo ẹsẹ̀ méjì tó wà níta. Mi ò rí irú ojú yẹn lára bàbá mi rí.

"Fún bóòtù mi le," ó ní. "Tó o bá ṣe tán, kó o jáde wá sọ ọ́ lójú mi."

"Ó máa pẹ́, sà."

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Ibo ni mò ń lọ?"

Jẹ́jẹ́ jáde, gbogbo ojú ẹ̀ kún fún epo. Ó la ẹnu. Ó pẹ́ lóòótọ́. Òógùn ń bọ́, iṣan ọrùn ẹ̀ yọ. Ètè Bàámi gbéra lẹ́ẹ̀kan bí ẹni fẹ́ bá a sọ ọ́, ó sì yára fi eyín dì í mú. Ó di sitiárìn mú gírígírí, sitiárìn náà ò sì mì.

"Mo f-fẹ́ f-fẹ́ ọ-ọmọ yín... B-b-b-bàbá."

"Mo gbọ́," Bàámi ní. "Mo gbọ́, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ọkùnrin tó so wá pọ̀ ń kánjú. Ó bi Jẹ́jẹ́ bóyá ó gbà mí láya. Ọ̀rọ̀ há.

"Bẹ́ẹ̀ ni ló fẹ́ sọ," ọkùnrin náà ní, ó ti ń ṣí ìwé sójú ewé kejì.

Bàámi dìde lórí ìjókòó ẹ̀.

"Ẹ má gbà á lẹ́nu ẹ̀," ó wí. "Ẹ fara balẹ̀. Ó ń bọ̀."

Gbogbo wa sì dúró.