Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Lè Dúró

Ìrètí fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó tan iná fóònù sí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Níbi tí wọ́n ti fi rọ́bà di páìpù náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, epo bíréékì tún ti ń kán sílẹ̀.

“Ó ṣì ń jò, sà,” ló wí.

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó fúnra rẹ̀, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dún láìkú mọ́ wọn lọ́wọ́, inú àwọn méjèèjì sì ti dùn débi pé wọ́n gbàgbé oúnjẹ. Ní báyìí, ojú bàbá ti yí padà.

“Ìrètí, gbọ́ mi dáadáa,” ni ó sọ. “Ohun tó lè sáré tí kò lè dúró, ikú ni. Títí a ó fi rí páìpù tuntun, ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kọjá géètì. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o.”

Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé Mákánjúọlá kì í ṣe mẹkáníìkì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ní Ìkìrun, díákónì sì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Inísà níbi tí wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti fẹ́ràn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sísá, àwọn tó kúrú nílẹ̀, tí ilẹ̀kùn wọn jẹ́ méjì péré. Nígbà tí Ìrètí ṣì wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni bàbá rẹ̀ rí Toyota Sẹ́líkà àtijọ́ kan ní Òkukù, lẹ́yìn ilé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà. Adìẹ ti yé sórí àga ẹ̀yìn, koríko sì ti gba ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Bàbá rà á, wọ́n fi katakata wọ́ ọ wá sí Inísà, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pariwo tẹ̀lé wọn. Ìyá Ìrètí jáde síta, ó wò ó títí, ó ní ìyàwó kejì tí ọkọ òun ń wá ló ti rí yìí, àti pé arúgbó pátápátá ni.

Láti ìgbà náà ni ọjọ́ Sátidé ti di tọkọ̀ náà. Ìrètí ló fi yanrìnpépà ha ìpẹtà ara ọkọ̀ kúrò títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Tímótì, ẹni tó máa ń na ara ọkọ̀ tó bá ti wọ́ ní Ìkìrun, ló bá wọn tún ilẹ̀kùn ṣe. Bàbá gbẹ́ pátákó dídán sí iwájú awakọ̀ dípò èyí tí oòrùn ti bà jẹ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọ̀dà, funfun ni bàbá fẹ́. Ìrètí ní rárá, àwọ̀ aró ni yóò yẹ ẹ́, aró tó dú dáadáa, kí wọ́n sì fi òfì rán àga rẹ̀. Ó rò pé bàbá yóò rẹ́rìn-ín ni. Bàbá ronú sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó ní ohun tí ọmọ òun wí ni àwọn yóò ṣe. Ìrètí kò gbàgbé ọjọ́ yẹn. Kò sí àgbàlagbà kankan tó ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ilé ìwé, iṣẹ́ náà kò fún un níyì. Dúdú ọ́ìlì kì í tán ní èékánná rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ń pè é ní Ọ̀gá Mẹkáníìkì. Ọpẹ́yẹmí nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn méjèèjì ti jọ ń rìn, bí ẹnìkan bá sì fẹ́ fi Ìrètí ṣẹ̀sín, Ọpẹ́yẹmí ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Nítorí náà, kò sí ohun tí Ìrètí mọ̀ tí Ọpẹ́yẹmí kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ bíréékì tí bàbá sọ fún òun nìkan, kò sùn mọ́ ọn nínú. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e ló ti sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò àṣejáde ku díẹ̀ kí ó parí nígbà náà, fọ́tò ni gbogbo wọn sì ń yà kiri. Ọpẹ́yẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sẹ́líkà náà. Ìrètí kọ̀. Ọpẹ́yẹmí ní ṣé kò fẹ́ kí àwọn tó ń pè é ní mẹkáníìkì rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun Dàmọ́lá, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mọ fọ́tò yà dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìrètí lára, ṣùgbọ́n ó tún rán an létí bíréékì.

Ọpẹ́yẹmí rẹ́rìn-ín. “Fọ́tò la fẹ́ yà, Ìrètí. Ṣé fọ́tò ń lo bíréékì ni?”

Lọ́jọ́ Sátidé tí bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ sí Òṣogbo fún ìdúpẹ́ mọ̀lẹ́bí kan, Ọpẹ́yẹmí àti Dàmọ́lá wọlé. Ìrètí ká tapólì tí wọ́n fi bo ọkọ̀ kúrò. Dàmọ́lá dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ó fọwọ́ pa òfì ara àga, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, orí Ìrètí sì wú. Wọ́n ya fọ́tò níwájú, wọ́n yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dàmọ́lá ní kí àwọn ya fídíò pẹ̀lú, pé bí iná iwájú bá tàn, tí ẹ́ńjìnnì sì ń dún, yóò rẹwà ju fọ́tò lọ. Ìrètí wo ọ̀nà géètì. Ó ronú kan bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó sì fi lé Dàmọ́lá lọ́wọ́.

Ẹ́ńjìnnì dún, ó dún dáadáa. Ọpẹ́yẹmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fọwọ́ kan irun rẹ̀, ó ní kí Ìrètí jọ̀wọ́ bá òun mú díńgí wá láti inú ilé. Ìrètí sáré wọlé. Ibi tó ti ń wá díńgí lórí tábìlì ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ tí wọ́n ń ṣí géètì. Kí ó tó dé ìta, eruku nìkan ló bá.

Ó sáré títí dé ojú títì. Ọlọ́kadà kan ní òun rí ọkọ̀ aláwọ̀ aró kan tó forí lé ọ̀nà Òkukù, Ìrètí sì gun ọ̀kadà rẹ̀ láìbéèrè iye tí yóò gbà. Ní gbogbo ọ̀nà, àdúrà kan náà ló ń gbà: kí wọ́n má ṣe sáré, kí wọ́n má ṣe sáré.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ṣáájú Òkukù ló ti rí èrò. Sẹ́líkà ti ki imú bọ gọ́tà. Ó ti wó àtíbàbà ìyá kan tó ń ta iṣu lójú ọ̀nà, ọ̀pá àtíbàbà náà sì ti gún gíláàsì iwájú wọlé. Ìyá oníṣu fò yẹ̀ ẹ́ ni. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló bó. Iwájú orí Dàmọ́lá ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọpẹ́yẹmí jókòó sílẹ̀, ó di apá òsì rẹ̀ mú, apá náà sì ti ṣẹ́. Ìrètí la àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan nínú èrò béèrè ẹni tó fún àwọn ọmọ yìí ní ọkọ̀.

Ọpẹ́yẹmí gbójú sókè. Ojú Ìrètí gan-an ló wò.

“Òun ni,” ló wí. “Òun ló ní ká lọ gbé e dán wò. Ó ní bíréékì rẹ̀ ti dáa.”

Ìrètí ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ojú tó ń wò ó yìí ni ojú tí ó ti ń bá jẹun láti kékeré. Ó ń retí pé Ọpẹ́yẹmí yóò sọ pé ìrora ló mú òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọpẹ́yẹmí kò wí bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọsibítù tí wọ́n gbé wọn lọ, ìyá Ọpẹ́yẹmí ti dé kí àwọn òbí Ìrètí tó dé. Ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ọmọ díákónì fẹ́ pa òun lọ́mọ. Nígbà tí bàbá Ìrètí wọlé, pẹ̀lú aṣọ ìdúpẹ́ tó wọ̀ lọ sí Òṣogbo, kò bá a jà. Ó kí i, ó bá a kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ló wá dojú kọ ọmọ rẹ̀.

“Ṣé wọ́n já ilé wọlé láti mú kọ́kọ́rọ́ yẹn ni?”

Ìrètí mọ̀ pé kí òun dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ló rọrùn jù. Kò sí ẹni tó rí òun nígbà tí òun mú kọ́kọ́rọ́ jáde, àfi Ọpẹ́yẹmí tó ti parọ́ mọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí òun bá ní wọ́n jí i ni, ọ̀rọ̀ yóò di ti ọlọ́pàá, òun yóò sì bọ́. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ọwọ́ tó fi bá a ṣiṣẹ́ ọkọ̀ náà. Ó sunkún.

“Èmi ni mo fún wọn, sà. Mi ò ní kí wọ́n gbé e jáde, mo sì sọ fún Ọpẹ́yẹmí pé bíréékì ń jò. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.”

Bàbá bi Ọpẹ́yẹmí léèrè bóyá òótọ́ ni. Ọpẹ́yẹmí kọjú sí ògiri, ó ní òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ bíréékì rí láyé òun. Dàmọ́lá, tí wọ́n ń rán iwájú orí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, yí ojú wo àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìrètí ń dúró de ìbínú. Bàbá jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

“Mo gbà ọ́ gbọ́,” ló wí. “Ọ̀rẹ́ rẹ dalẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ta ni mo sọ ọ̀rọ̀ bíréékì yẹn fún, Ìrètí? Ohun tí ó ṣe fún ọ lónìí, ìwọ ló kọ́kọ́ ṣe é fún mi.”

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Ìbá sàn kí ó nà án.

Ìròyìn tí Ọpẹ́yẹmí sọ ló gba gbogbo ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò tó kù, kò sí ẹni tó bá Ìrètí rìn jáde nínú gbọ̀ngàn. Àwọn kan ń sún kúrò níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wọ́ Sẹ́líkà lọ sí ọ̀dọ̀ Tímótì ní Ìkìrun, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Kò ní kí Ìrètí má bọ̀. Kò kàn pè é ni.

Ìgbà tí ojú egbò orí Dàmọ́lá ti san ló wá sílé wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àti ìyá Ìrètí, ó sì tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní àbúrò òun ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òkukù pé ọkọ̀ bàbá àwọn ni Sẹ́líkà náà, wọ́n sì ti ní kí ó gbé e wá kí àwọn rí i. Kò lè mú Ìrètí dání, torí àṣírí yóò tú. Ìdí nìyẹn tó fi rán an ní díńgí.

“Mo mọ̀ pé a ń gbé e sá fún Ìrètí, sà, ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn,” ló wí. “Ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ bíréékì fún mi. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sọ fún mi.”

Ìrètí wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Títí di ọjọ́ náà, apá kan ọkàn rẹ̀ ṣì ń wá àwáwí fún Ọpẹ́yẹmí: bóyá ẹ̀rù ló bà á, bóyá ìyá rẹ̀ ló tì í. Ní báyìí ó mọ̀ pé wọ́n ti ta òun kí òun tó ká tapólì kúrò. Nígbà tí Ọpẹ́yẹmí fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́, tòun ti apá tí wọ́n dì, Ìrètí ní òun ti dárí jì í. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọpẹ́yẹmí béèrè bóyá àwọn ṣì lè jọ máa rìn, ó mi orí pé rárá.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàbá bá ti lọ sí Ìkìrun, òun náà á wọ ọkọ̀ lọ sí Òkukù, sọ́dọ̀ ìyá oníṣu. Ìyá náà kọ́kọ́ lé e. Ìrètí kò lọ, ó gbé òòlù, ó ń yọ ìṣó lára pátákó tó fọ́. Òun ló gbẹ́ ihò òpó, òun ló kan páànù, títí àtíbàbà náà fi dúró ṣinṣin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá oníṣu ló dúpẹ́ iṣẹ́ Ìrètí lọ́wọ́ bàbá nígbà tí bàbá dúró ra iṣu lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bàbá délé, kò mẹ́nu kàn án. Lówùúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ti fẹ́ jáde ní géètì kí ó tó dúró.

“Tímótì ní páìpù bíréékì tuntun ti dé,” ló wí láìwẹ̀yìn. “Wọ bàtà rẹ.”

Wọ́n ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, bàbá ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò ara rẹ̀, Ìrètí sì rí i. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ti mọ̀ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀ jẹ̀bi. Síbẹ̀, ẹni tó tú àṣírí ẹlòmíràn, tó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ wá ìyìn fún ara rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí wọ́n bá fi sí yín níkàáwọ́, ẹ má ṣe torí àtiyangàn gbé e fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ ìgbà èwe. Tímótì lè na ara ọkọ̀ tó wọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé bàbá Ìrètí ṣì ń bọ̀ lọ́nà.