Irun Inú Magasíìnì Tòún

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn lárọ̀ Àlàmísì: òórùn ọtí tó ti kan, pẹ̀lú òróró irun. Ọtí! Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí, èmi Hàlímọ̀tù tí n kò fẹnu kan ọtí rí láyé mi. Lórí tábìlì, magasíìnì tí Tòún gbàgbé ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Tòún ni oníbàárà mi tó gbé e wá ní Àtàláátà. Ìwé àwọn ará Japan ni, ti àwọn obìnrin tó ń jókòó ti ọkùnrin nílé ọtí, tí wọ́n ń rọ ọtí fún wọn, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí kò pani lẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń ṣí i bíi Kùránì, ìyẹn tún wá bí mi nínú sí i. Irun wọn ga fíofío, irun ìpéǹpéjú wọn dà bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ó ṣe mí bíi kí n tutọ́.

"Aunty, style yìí gan-an ni mo fẹ́," Tòún fi èékánná kan ọ̀kan nínú wọn.

"Tòún, ṣé iṣẹ́ ọmọlúàbí lèyí?"

"Aunty, it's just hair, innit."

Ẹnu mi bá a wí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣe é fún un.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Rahmah, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́hun fún mi, yà wọlé kí n bá òun tún irun dì kó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Surrey Quays. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo ti ṣe é fún un, torí híjáàbù ló ń wọ̀.

Èmi kì í jẹ́ kí irun ẹnikẹ́ni wà nílẹ̀. Irun orí kì í ṣe ohun à ń gbá dànù. Ta ló mọ ẹni tó máa ṣà á? Èyí tó bá já sí òòyà, inú ọ̀rá ni mo ń kó o sí, kí ẹni tó ni ín gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tán lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì sì ti jáde. Mo fi ti Tòún há inú magasíìnì rẹ̀, lórí àwòrán tó nawọ́ sí. Kí tọmọ mi má baà dà pọ̀ mọ́ ọn, mo fi ti Rahmah sí ojú ewé tó kọjú sí i, níbi tí wọ́n ti ya àga òfìfo kan àti ife ọtí. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Nígbà tí mo wá ṣí i yìí, irun Tòún ti lọ. Ojú ewé náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, òróró ń sun jáde lára rẹ̀ bíi agbárí ẹni tó ń làágùn. Fọ́nrán irun mẹ́ta yọ jáde láti orí obìnrin inú àwòrán. Mo fà á. Obìnrin náà fajú ro.

Ìríra gbáà! N kò dúró wo ojú ewé kejì tí mo fi ti Rahmah sí. Mo sọ ọ́ sínú bíìnì, mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì ń yọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Tòún wọlé. Ó tú síkáàfù rẹ̀. Orí rẹ̀ dán bí àtẹ́lẹwọ́, kò sí ihò irun kan níbẹ̀.

"Aunty," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "irun mi dà? Láti àná ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń ro mí bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sì rẹ́rìn-ín."

Mo yọ magasíìnì náà nínú bíìnì. Tòún wò ó, ó gbé ìka lé àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀. Àmì yẹn wà lójú obìnrin inú àwòrán. Ojú Tòún ni, ó di ìgò mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Yéè! Ojú ewé kejì!

Àga náà kò ṣófo mọ́. Ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀, èjìká rẹ̀ níhòòhò, irun rẹ̀ ga fíofío. Àpá kékeré kan wà níwájú orí rẹ̀. Mo mọ àpá yẹn. Etí bẹ́ẹ̀dì ni Rahmah ti gbà á, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta.

Mo pe fóònù Rahmah. Kò sígbà tí mo pe ọmọ yìí lẹ́nu iṣẹ́ tí kì í kùn mọ́ mi: "Mummy, I'm at work now." Mo bẹ Ọlọ́hun pé kó kùn mọ́ mi.

Ó gbé e. Ife ń kan ife lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín gígùn, sí ọ̀rọ̀ tí n kò tíì sọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ọmọ mi wí. "Kí ni kí n rọ fún yín?"