Dókítà Tó Ń Sọ Pé Rárá

Tí Garam bá ti tẹrí ba sórí abọ́ núdù gbígbóná báyìí, ayé ti parí nìyẹn. Ooru á bo awò ojú rẹ̀ funfun, á wá jókòó kalẹ̀ bí ọkọ̀ tí kùrukùru ká mọ́ orí afárá.

"Ẹ gbà mí o! Olójú ìgò ti sọnù!" Chorong, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pariwo. "Garam, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Fọwọ́ kan ẹyin inú abọ́ mi, wàá mọ̀ bóyá mo wà níbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, ìdánwò tí ọkọ̀ òfuurufú gan-an kì í gbéra nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣe apá tí wọ́n ń fetí gbọ́. Ní Daegu, ìlú wọn ní Kòríà, ẹni tó bá ṣe é tán, káàdì ìdánwò rẹ̀ di nǹkan ńlá: onírun á dínwó fún un, onísinimá á dínwó, ilé ìwòsàn ojú náà ò ní gbẹ́yìn. Bàbá Garam, tó ń wa bọ́ọ̀sì, sì ti ṣèlérí tipẹ́ pé tó bá ti parí, wọ́n á fi iná lésà tún ojú rẹ̀ ṣe. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti ń ru awò yẹn. Ó fẹ́ wọ yunifásítì láìsí i.

Chorong na fóònù sí i. "Wo èyí. Àyẹ̀wò láàárọ̀, iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án, ilé nírọ̀lẹ́! Tó o bá tún mú ọ̀rẹ́ wá, ẹ̀dínwó lórí ẹ̀dínwó."

"Bàbá mi ní ká lọ sọ́dọ̀ Dókítà Tak lẹ́bàá ọjà."

"Èyí tó ń lé èèyàn padà sílé yẹn? Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi yọ lẹ́ǹsì tó ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ méjì! A ó ti hewú."

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ẹbí pé sílé ìyá àgbà láti ṣe kimchi, ìyẹn kábéèjì aláta tí wọ́n ń tọ́jú de ìgbà òtútù. Ìyá àgbà ká ewé kábéèjì kan tí ata ti kùn, ó ní, "Garam, la ẹnu." Garam la ẹnu. Ìyá àgbà ki ewé bọ̀ ọ́ nímú.

Ilé rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Ti Garam nìkan, ata ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà ṣe sún mọ́ ọn láti nu imú rẹ̀, ó rí i pé nǹkan funfun wínníwínní wà káàkiri ẹyinjú ìyá náà, bí ìgbà tí wọ́n bu ìyẹ̀fun ìrẹsì wọ́n ọn.

"Ìyá àgbà, kí ló wà lójú yín?"

"Ata ni. Ogójì ọdún tí mo ti ń po ata, kò ní ta sí mi lójú ni? Ìyá mi náà ní i. Ojú tó máa bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin, ọmọ mi. Tèmi ti bá mi kalẹ́."

Nígbà tó di Wẹ́sidé, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì dé ilé ìwòsàn orí fóònù yẹn. Ibẹ̀ ń dán bíi dígí. Fọ́ọ̀mù béèrè pé: ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ní àrùn ojú? Bírò Garam dúró.

"Kọ 'rárá' síbẹ̀!" Chorong sọ sí i létí. "Tó o bá kọ 'bẹ́ẹ̀ ni', wọ́n á máa fi àyẹ̀wò fà wá nílẹ̀, ẹ̀dínwó wa á lọ. Ata ni ìyá àgbà pè é, àbí ìwọ ni dókítà?"

Garam kọ "rárá".

Wọ́n kán oògùn sí i lójú. Arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríṣi iṣẹ́ abẹ fún un bí ẹni ń ka oúnjẹ tó wà nílẹ̀: èyí tó ń ṣí awọ ẹyinjú bí ìdérí ìkòkò, èyí tó ń bó òkè rẹ̀, èyí tó ń gba ihò tóótó wọlé. "Èwo lẹ fẹ́?"

Garam wò ó, ó sọ nínú ara rẹ̀ pé: Èmi tí mi ò rí ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú ìṣirò ṣe, èmi ni kí n yan bí wọ́n á ṣe gé ojú?

Oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ojú Chorong di nǹkan rúurùu lójú Garam. Garam nawọ́ sí ife omi, afẹ́fẹ́ ló mú. Ó tún nawọ́, ó bì í ṣubú. Ló bá rántí ewé kábéèjì tó wọ̀ ọ́ nímú. Ṣé báyìí ni ìyá àgbà ṣe ń ríran lójoojúmọ́?

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo parọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Nǹkan funfun wà lójú ìyá àgbà mi. Ìyá wọn náà ní i."

"Ọ̀pọ̀ arúgbó ló ní nǹkan lójú," arábìnrin náà dáhùn. "Tá a bá ní ká yẹ̀ ẹ́ wò, ààyè yín lónìí ti lọ nìyẹn."

"Kó máa lọ."

"Garam! Ẹ̀dínwó wa!"

Chorong ló dì í lọ́wọ́ mú dé ibùdókọ̀, ó sì ń bú u lọ. "Olójú ìgò tí ò tún lójú mọ́! Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Gbẹ́sẹ̀ sókè, òkúta wà níbẹ̀. Láyé! Gbẹ́sẹ̀ sókè!"

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ bá Dókítà Tak. Obìnrin ni, awò ojú tirẹ̀ gan-an nípọn ju ti Garam lọ. Kò béèrè èwo ni wọ́n fẹ́. Ó béèrè pé, "Ojú ta lo jogún nínú ẹbí yín?" Garam sọ fún un. Dókítà fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti fi yẹ ohun tó jogún wò, ó ní kó padà wá lọ́tùnla.

Lọ́tùnla, ó ní, "O jogún ẹ̀. Kì í ṣe ata. Ó lè pẹ́ kó tó yọ ẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí iná lésà bá fi lè kan ojú yẹn, nǹkan funfun á bò ó bí ìrì dídì. Nítorí náà, rárá ni, ọmọ mi. Lónìí, lọ́la, títí ayé, ẹni yòówù kó ṣèlérí ohun yòówù fún ẹ."

Garam sunkún. Dókítà jẹ́ kó sun ún tán. "Mú ìyá àgbà wá," ó ní. "Tiwọn ṣì ní ohun tá a lè ṣe sí i."

Ti Chorong, tí Dókítà Tak yẹ̀ wò pẹ̀lú, ńkọ́? Awọ ẹyinjú rẹ̀ tín-ín-rín ju èyí tí wọ́n lè ṣí bí ìdérí lọ. Bíbó lókè nìkan ló bá a mu, èyí tó máa ń dunni fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ lẹ́ǹsì tí òun náà ń lò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kùn fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì.

Ìyá àgbà pè lórí fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi ni mo kó o bá ẹ, àbí?"

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà lẹ fún mi ní imú yìí, mi ò sì tíì fẹjọ́ yín sùn." Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń tajà fún yín á béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹni tó bá ń tọ́jú yín á béèrè ohun tẹ́ ẹ jẹ́, á sì sọ pé rárá níbi tó bá yẹ. Irọ́ tẹ́ ẹ bá pa fún dókítà, ara yín lẹ pa á fún.

Nígbà tó di oṣù kìíní, wọ́n tún jókòó síwájú núdù. Chorong, tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ tirẹ̀, wọ jígí dúdú nínú ilé bí olówó, ó ń kán oògùn sójú. Garam tẹrí ba, ooru bo awò rẹ̀. Chorong nawọ́ sí i. Ó bọ́ awò náà lójú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún jẹ́jẹ́, ó sì dá a padà sí imú rẹ̀.

Garam wo inú abọ́. Ó ríran kedere. Ẹyin ti lọ.