Ọwọ́ Gbígbẹ, Ojú Gbígbẹ

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà ń bó bí ọ̀dà ara ògiri lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń kun ojú fáwọn òṣèré. Aláwàdà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Obìnrin tó ń kun ojú níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Aṣojúlóge, wò ó títí, kò mọ ìgbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kànìnkànìn tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò lẹ fi ń fọjú ni?"

"Ọṣẹ ìfọṣọ ni. Ọ̀dà funfun tí mò ń kùn ṣeré yìí kì í gbọ́ ti ọṣẹ ìwẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ àánú ọkùnrin náà ṣe é. Òun náà mọ ohun tójú ń rí. Wọ́n bí àmì pupa kan mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Látìgbà tó ti mọ àtíkè lò, kò sẹ́ni tó rí i mọ́ àyàfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í po òróró ìfọjú ní ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ pò tú ọ̀dà lóòótọ́, àmọ́ ó kọ̀, kò kúrò lójú. Ńṣe ni Aláwàdà ń dán bí abọ́ tí wọn ò fọ̀ tán. Fún èyí tó tẹ̀ lé e, ó lọ ra èròjà kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, èyí tó ń mú kí òróró àti omi gbà láti pò pọ̀. Ó bù ú jù, ó sì ta Aláwàdà lójú débi pé kò lè lajú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fẹ́ ọkùnrin yìí ni, àbí o fẹ́ dín in?"

"Ta ló sọ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Ìdáná mi ló sọ."

Nígbà tó yá, ó bọ́ sí i. Òróró tó fúyẹ́, èròjà náà díẹ̀, ó rò ó títí tó fi mọ́ kedere. Ó fi pa Aláwàdà lójú, ó wọ́n omi sí i, ó funfun bí wàrà, ó sì ṣàn lọ tòun tọ̀dà. Ojú kò yọ̀, kò sì gbẹ.

"Ọwọ́ gbígbẹ, ojú gbígbẹ," ló fi kọ́ ọ. "Jẹ́ kí ọ̀dà kọ́kọ́ tú ná. Ẹ̀yìn ìyẹn lomi kàn. Tómi bá kàn án ṣáájú, á funfun láìtọ́jọ́, kò sì ní lè gbé ọ̀dà mọ́."

Láti ìgbà náà, tí eré bá ti parí, Aláwàdà á wá jókòó, á dijú, Aṣojúlóge á máa fi ìka pa á lójú jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ nìfẹ́ ti wọlé. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni Aláwàdà ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ mi, ojú mi ò pa mọ́ fún ẹ mọ́. Ìgbà wo lèmi máa rí tìẹ?"

Aṣojúlóge fọ àtíkè kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Aláwàdà wò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àmì náà.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà rèé? Mo ti rò pé ìwo lo hù síbẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ó wá ku ìyá. Aránṣọ nìyá Aláwàdà, òun nìkan ló dá tọ́ ọmọ rẹ̀. Aṣojúlóge kun ojú dáadáa, ó gbé ìgò òróró kan dání, òun àti Aláwàdà sì jọ lọ kí i.

"Òróró kẹ̀? Ṣé kì í lẹ̀ mọ́ èèyàn lójú?"

"Rárá, mà. Tómi bá ti kàn án, ó ń lọ ni."

"Fi ojú ara ẹ dán an wò kí n rí i."

Ó wo Aláwàdà. Aláwàdà mi orí sí i pé kó ṣe é. Ló bá fọjú níwájú ìyá. Ìyá fi ìka nu iwájú orí rẹ̀, ó wo ìka náà lójú fèrèsé.

"Òótọ́ ni, kò lẹ̀." Ni ojú rẹ̀ bá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Kí wá nìyí?"

"Wọ́n bí i mọ́ mi ni, mà."

"Ta ló tún ní i nílé yín?"

"Bàbá mi, mà."

"Á jẹ́ pé bí tọmọ ọmọ mi náà ṣe máa rí nìyẹn."

Aṣojúlóge ń retí kí Aláwàdà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pa odindi gbọ̀ngàn lẹ́rìn-ín ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn dùn ún ju ọ̀rọ̀ ìyá lọ.

"Màmá máa rọ̀," Aláwàdà ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìyá kò rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eré parí, Aláwàdà wọlé tòun tọ̀dà lójú. Kò jókòó.

"Màmá ní tí mo bá fẹ́ ẹ, kí n má pe òun níyàá mọ́."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

Aláwàdà yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo bi ẹ́."

"Mo ní mo ti gbọ́."

Omi tán lẹ́yìn ẹja. Aṣojúlóge lè bú u, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó ní, "Jókòó, kí n bá ẹ fọ̀ ọ́."

Ó fi aṣọ ìnura nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó da òróró sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú tó mọ̀ ju tara rẹ̀ lọ. Kò tíì na ọwọ́ sí omi tí òróró fi funfun lábẹ́ ojú méjèèjì.

"Ojú gbígbẹ ni mo kọ́ ẹ."

"Mo mọ̀."

Ó nù ún, ó tún da òmíràn sí i. Ó tún funfun. Ọ̀dà kàn ń fà kiri ni, kò lọ. Ó fi ìgò òróró lé e lọ́wọ́.

"Máa lọ. Tójú ẹ bá gbẹ, fúnra ẹ ni kó o fọ̀ ọ́."

Aláwàdà jáde tòun ti ọ̀dà lójú. Òróró díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú abọ́. Aṣojúlóge bù ú sọ́wọ́, ó fẹ́ fi fọ àtíkè ojú tirẹ̀ kó tó lọ sílé. Bó ṣe kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló funfun. Ọṣẹ ìfọṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi ló padà lò.

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ojú rẹ̀ tó pọ́n, ó wo àmì tó gbé rìn ní gbangba wálé.

"Kí ló dé?"

"Ọṣẹ ló ta sí mi lójú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n wọ ìdáná, ó gbé ìkòkò òróró kúrò lójú àbúrò rẹ̀.