Ka Ẹ̀yìn Àpò Náà fún Mi

"Ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."

Bàbá Akínbíyìí jókòó sórí àga onírin lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Bódìjà. Ó na ọwọ́ sí àpò pupa tí Ọmọlará, ọmọ-ọmọ rẹ̀, gbé dé láti ilé ìtajà dókítà ẹran. Ó fi ìka tọ okùn tí wọ́n fi rán ẹnu àpò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì já a, ó fẹ̀yìn ti àga, ó di ojú tí kò ríran kàwé mọ́.

Ọmọlará yí àpò padà. "Ẹran adìẹ gbígbẹ. Ìrẹsì. Àgbàdo. Ọ̀rá adìẹ. Ẹja gbígbẹ..."

"Èwo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ?"

"Ẹran adìẹ ni, Bàbá."

"Purotéènì ńkọ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún."

"Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́?"

"Ó di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀."

"Ó dára. Fún un jẹ."

Màmá Àgbà ni ó fi àṣà yìí lélẹ̀. Dókítà Abdulrauf, tí ó ń tọ́jú ajá wọn, ni ó kọ́ ọ. Ọmọlará wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Màmá," ni dókítà wí, "ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà. Bí ẹ bá rí àgbàdo níwájú, àgbàdo lẹ rà, ẹ má pè é ní ẹran. Bí wọ́n bá sì kọ 'ohun tó ti ara ẹran wá', ẹ bi wọ́n pé ibo lára ẹran. Ṣé ìwo ni àbí pátákò?" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìkìlọ̀ ìkẹyìn tí dókítà ṣe ni kò ṣe é rẹ́rìn-ín sí: oúnjẹ tí ó bá ti bu, kí wọ́n má sá a, kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n dà á nù, nítorí májèlé inú àgbàdo tó bu kì í tẹ̀lé oòrùn lọ.

Ẹ̀yìnlàárò ni Màmá sọ ajá náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Ẹni tí ó ń bá wí nígbà náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù méje tí àìsàn fi dá Màmá dúbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀ ni ajá náà ń sùn. Nígbà tí Màmá kú nínú ọyẹ́ tó kọjá, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni ajá náà ń sùn. Bàbá kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ajá náà á jọ jókòó lẹ́yìnkùlé. Bàbá kì í sọ̀rọ̀, ajá kì í gbó. Ọmọlará mọ̀ pé ohun tí ó kù fún bàbá náà nínú ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, ó ṣe ohun tí ó ṣe.

Ojú fóònù rẹ̀ ni ó fà á. Ó ti fọ́ wẹ́wẹ́ láti ìgbà tí ó já bọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Aláǹtakùn. Bí ó bá ti yọ ọ́, ẹnìkan á ké pé, "Ẹ rọra o, ó máa ta okùn mọ́ yín!" Lọ́jọ́ tí Bàbá fún un ní owó oúnjẹ ajá, Gbémisọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ jáde.

"Ajá tó ń jẹ oúnjẹ inú àpò pupa," ni Gbémisọ́lá wí. "Ẹ tún ń ka ẹ̀yìn àpò fún un! Èmi ò ka ẹ̀yìn sáàdìnì rí kí n tó jẹ ẹ́. Jẹ́ ká lọ inú ọjà. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní kọ́ńgò níbẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́kù, a máa gbé e lọ sí Agbowó, wọ́n á bá ẹ pààrọ̀ ojú fóònù ẹ lónìí."

"Bàbá máa mọ̀."

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ṣé ajá yẹn máa lọ fẹjọ́ sùn ni?"

Ní ọ̀nà àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ ní ọjà Bódìjà, àpò gbàǹgbà mẹ́ta la ẹnu sílẹ̀, oúnjẹ ajá kún inú wọn. Ọmọlará bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mà, àpò tí ó bá wá dà? Mo fẹ́ ka ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ìyá tó ń tajà wò ó tìyanu-tìyanu. "Àpò kẹ̀? Ṣé àpò ni ajá ẹ máa jẹ ni? Ọmọ dáadáa, ọjà gidi ni. Àwọn olówó Bódìjà ló ń rà á."

Ọmọlará bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ rẹ̀ pupa ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn hóró kan ní ohun kan lára bí eérú. Ó gbé e sí imú. Lábẹ́ òórùn epo, òórùn èlùbọ́ tí òjò pa wà níbẹ̀. Ó mọ ohun tí ó jẹ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò mọ̀.

"Ẹ wọ̀n ọ́n fún mi," ni ó wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ ń dán bí omi. Nígbà tí ó délé, Bàbá ń sùn. Ó wá àpò pupa tó ti ṣófo, ó da oúnjẹ ọjà sínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé Bàbá yóò fọwọ́ tọ ẹnu rẹ̀, nítorí náà ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó rán an padà gba inú ihò kan náà tí okùn ti kọ́kọ́ gbà. Màmá Àgbà ni ó kọ́ ọ ní ìránṣọ.

"Ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi," ni Bàbá wí ní ìrọ̀lẹ́.

Ó kà á. "Ẹran adìẹ gbígbẹ. Ìrẹsì. Àgbàdo..." Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò sì yọ ọ̀kan kúrò. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ pàápàá, bí ó ṣe wà lára àpò ni ó kà á. Ó ń fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú pé òun kò purọ́.

Ẹ̀yìnlàárò gbóòórùn oúnjẹ náà, ó gbójú sókè wo Ọmọlará, ó padà sẹ́yìn. Bàbá bu díẹ̀ nínú abọ́, ó fi ìka fọ́ ọ.

"Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà ni, Bàbá."

"Hẹn-ẹn." Bàbá bu omi gbígbóná sí i, ó rọ̀, ajá náà sì jẹ ẹ́ nítorí pé ọwọ́ Bàbá ni ó ti wá.

Nígbà tí àpò yẹn tán, Ọmọlará tún padà sọ́jà. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Gbémisọ́lá kò sí níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ní ọjọ́ Ajé, kò lè dìde lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá. Dókítà Abdulrauf wá. Ó ṣí ètè ajá náà, ó rí i pé èrìgì rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

"Bàbá, kí ló ń jẹ?"

Bàbá dìde, ó gbé àpò pupa wá fúnra rẹ̀. "Èyí tí ẹ ní ká máa rà ni. Ọmọ yìí ń kà á fún mi ní gbogbo ìgbà."

Dókítà wo àpò, ó wo Ọmọlará. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun ọmọbìnrin náà. Ó gbé e mì.

"Kì í ṣe oúnjẹ nígbà náà," ni dókítà wí. "Ó jọ àìsàn tí eégbọn máa ń kó ran ajá. Mo máa gún un lábẹ́rẹ́. Kí ẹ rí i pé ó ń jẹun, Bàbá, kí agbára má baà tán nínú rẹ̀."

Bàbá ṣe bí dókítà ṣe wí. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó ń fi omi po oúnjẹ inú àpò pupa, ó ń fi ìka méjì tì í sí ajá náà lẹ́nu. "Gbé e mì. Ìyá rẹ á fẹ́ kí o gbé e mì." Ọmọlará dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ó bá di ìgbà tó ń bọ̀, òun yóò sọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú ajá náà. Ọmọlará wólẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ọjà, kọ́ńgò, abẹ́rẹ́ àti òwú. Bàbá ní kí ó fi fóònù rẹ̀ pe dókítà.

Dókítà da àpò náà sórí bébà. Ó fọ́ hóró mélòó kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Àgbàdo tó bu ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni májèlé náà ti jẹ."

"Bó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?" ni Bàbá béèrè.

"N kò lè búra, Bàbá. Ṣùgbọ́n à bá ti gba oúnjẹ náà lẹ́nu rẹ̀."

Bàbá wo ìka rẹ̀ méjèèjì. "Ọwọ́ mi ni mo fi bọ́ ọ," ni ó wí.

Ajá náà kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Bàbá fúnra rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí Màmá máa ń jókòó sí. Nígbà tí Ọmọlará fẹ́ gba ṣọ́bìrì, Bàbá kò fún un.

Kò nà án. Kò bú u. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹbí kankan. Ọmọlará retí ẹgba títí, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá nà mọ ìgbà tí ìyà òun parí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó rí Bàbá tí ó mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ń fi ọ̀pá tọ ọ̀nà lọ sí ilé kejì. Ó sáré tẹ̀lé e.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á."

Bàbá kò dúró. Ó kan ilẹ̀kùn. Bàdírátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jáde, ó kúnlẹ̀. Bàbá na páálí oògùn náà sí i.

"Ọmọ mi, ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."

Ọmọ náà ń ṣì í kà, ó ń tún un kà, Bàbá sì ń fi sùúrù gbọ́. Ọmọlará dúró sí ojú ọ̀nà, fóònù tó ń dán wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọmọlará mọ̀wé kà, ó mọ oúnjẹ tó dára yàtọ̀ sí èyí tó bu. Ìmọ̀ náà kò gba ajá kan là, nítorí pé ó fi òótọ́ tó wà lára àpò bo irọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣìṣe tí ó tètè sọ ọ́ lè rí nǹkan kan dá dúró. Èyí tó dákẹ́ yóò máa wo ọwọ́ ẹni tó fọkàn tán an bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ibi náà parí fún un. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó bá já báyìí, kò sí abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán an padà gba inú ihò kan náà.